Ẹni Tó Bá Gba Àga Sílẹ̀, Kó Gba Oúnjẹ Sílẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá tètè dé odò ló ń mu omi tó tòrò. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní odò. Níbi ìnáwó, òwe yìí nìkan kò tó. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí kánópì ni yóò kọ́kọ́ jókòó, òun ni yóò sì kọ́kọ́ jẹran. Ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ ìyàwó tó wọ rélùwéè láti Èkó, tó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí wọ́n ṣí ní Mọ́níyà lọ́dún 2021, tó tún gun ọ̀kadà wọ abúlé, ìdúró ló máa bá.

Láti Lálúpọn dé Akánrán, ọgbọ́n tí à ń dá sí i ni pé ká gbé báàgì lé àga mẹ́ta, ká ní, "Èèyàn wà níbẹ̀ o!" Aago kan kọjá, èèyàn náà kò yọjú. Màmá àgbà kan dúró ti òpó kánópì, ó gbára lé ọ̀pá rẹ̀, ó ń wo àga tó ṣófo. Nígbà tí ẹni tí à ń retí bá dé ní aago mẹ́ta, àga rẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣíbí alásè ti ń ha ìdí kúlà. Ìjà ẹbí tí kì í tán bọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Àwọn ọkọ̀ òkun ńlá tó ń gbé èèyàn ṣe fàájì náà mọ ìṣòro yìí. Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn lọ́dún 2024, ń gbé èrò tó ju 5,000 lọ. Gbogbo wọn kò lè jọ jókòó jẹun lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́lẹ̀, ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń pín oúnjẹ alẹ́ sí lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: àwọn kan ní nǹkan bí aago mẹ́fà, àwọn yòókù lẹ́yìn aago mẹ́jọ, tábìlì kan náà lálaalẹ́. Lọ́dún 2000, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Norwegian Cruise Line dẹ okùn ètò náà. Ẹni tó bá fẹ́ aago pàtó á sọ ṣáájú. Ẹni tí kò bá sọ á wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wá ibi tó ṣófo fún un. Ohun tó gbé ètò náà ró ni ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé, tó mọ tábìlì tó ṣófo àti èyí tó ti ní ẹni tó ni ín.

Níbi ìnáwó tiwa náà, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ẹ bá gba tábìlì 20, tí ẹni mẹ́wàá ń jókòó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe ya ju márùn-ún lọ sọ́tọ̀: fún àna, fún baálẹ̀ àti àwọn àgbà, fún àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹbí sórí páálí, kí ẹ sì kọ aago sí i: "Títí di aago méjì." Ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ ìdílé láti kọ aago yẹn. Lójú tèmi, ẹni tó wà ní ìdúró ló yẹ kójú rẹ̀ tì wá. Bí aago bá ti kọjá, òun ló ni àga.

Oúnjẹ ló wá jù. Ẹ ka iye abọ́ fún alásè kó tó gbé ìkòkò kaná, kí ẹ ya kúlà kan sọ́tọ̀ pẹ̀lú ẹran tirẹ̀, kó sì wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ ojú ẹbí. Àmàlà ní tirẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èlùbọ́ ni kí ẹ fi pamọ́, kí wọ́n rò ó nígbà tí àlejò bá dé. Gbẹ̀gìrì àti ewédú ṣe é gbé kaná padà.

Ọmọ ilé tó mọ ọwọ́ wẹ̀ ni kí ẹ fi sẹ́nu ọ̀nà, èyí tó lè kúnlẹ̀, kó ní, "Ẹ kú ìrìn o, bàbá. Ṣé ẹbí ọkọ ni àbí ẹbí ìyàwó?" kó sì mú bàbá dé ìdí àga.

Awakọ̀, onílù àti àwọn tó kó àga wá kì í sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n ti jẹun ní aago mọ́kànlá, kí òde tó kún. Bí ẹ bá fi tiwọn sẹ́yìn, ẹran á ti tán, wọ́n á sì ti wọ ìgboro lọ wá oúnjẹ nígbà tí ẹ bá nílò wọn.