Ẹ Lé Omi Kúrò Lójú Ọ̀nà Kí Ẹ Tó Da Yangí Sí I

*Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Mo fi owó ìfẹ̀yìntì mi ra éékà mẹ́rin lẹ́yìn Àkànrán, mo gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ sí i. Láti ibi tí ọ̀dà ti tán dé oko mi kò ju kìlómítà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, mọ́tò kì í débẹ̀ mọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo da tíípà yẹ̀pẹ̀ mẹ́fà síbi tó burú jù. Òjò oṣù Òkúdù wọ́ gbogbo rẹ̀ lọ, ọkọ̀ àwọn agégẹdú sì sọ ìyókù di kòtò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ́n dànù lóko, owó ọ̀kadà sì ti jẹ èrè tán. Ọmọ mi ní kí n ra jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. Ìyàwó mi ní kí n ta ilẹ̀ náà. Èwo ni kí n ṣe?*

— *Ọ̀nà Sú Mi, Ìbàdàn*

Bàbá, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má ra jíìpù, ẹ má sì tíì ta ilẹ̀. Jíìpù á gbé yín dóko lóòótọ́, àmọ́ àwọn alájàpá tó ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní jíìpù. Bí ọkọ̀ tiwọn ò bá wọlé, ẹrù yín ò ní jáde.

Ohun tó ń bá yín jà kì í ṣe ẹrẹ̀, omi ni. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá, ṣùgbọ́n omi gan-an ni ọ̀tá ọ̀nà oko. Ilẹ̀ tó gbẹ lè gbé tíípà ẹlẹ́rù. Bí omi bá mu ilẹ̀ yẹn kan náà yó, kò ní lè gbé kẹ̀kẹ́. Tíípà mẹ́fà tí ẹ dà, ojú omi ni ẹ dà á sí. Ìdí nìyẹn tí kò fi dúró.

Lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, ẹ wọ bàtà òjò kí ẹ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà látòkèdélẹ̀. Ẹ wo ibi tí omi ti ń ya wọlé, ibi tó ti ń bá ipa táyà ṣàn, àti ibi tó ń dá rogún sí. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sára igi tó wà níbẹ̀. Ẹ óò rí i pé ojú ọ̀nà ti rì ju igbó lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Gbogbo ìgbà tí gírédà bá kọjá ló ń ha ilẹ̀, tó ń kó yẹ̀pẹ̀ jọ sí etí ọ̀nà bí ebè. Ebè yìí ni kì í jẹ́ kí omi ríbi jáde.

Ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní nǹkan bí oṣù Bélú, ni kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ilẹ̀ ṣì rọ̀ fún ọkọ́ nígbà yẹn. Ẹ kọ́kọ́ wó ebè yẹn, ẹ la gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ sì máa ya ẹnu rẹ̀ sínú igbó. Níbi tó bá dagun, ẹ máa yà á ní nǹkan bíi mítà 20 síra. Ẹ bi ẹni tó ni oko tí omi náà máa wọ̀ kí ẹ tó yà á síbẹ̀, kí ó má di ìjà. Níbi tí odò bá ti gé ọ̀nà, ẹ ri páìpù kọnkéré. Èyí tí ẹnu rẹ̀ kò bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, ewé á tètè dí i. Ẹ gé ẹ̀ka tó ṣíji bo ọ̀nà, kí oòrùn lè gbẹ ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni yangí kàn. Kó jẹ́ yangí gidi tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú, kó má jẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa lásán. Ẹ bu díẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ fọwọ́ rún un. Bó bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tí ẹ ò bá òkúta níbẹ̀, amọ̀ ni, ẹ dá a padà. Ẹ tẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele, kí ìpele kan má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí rólà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí rólà kò bá sí, ẹ ní kí tíípà tó ru ẹrù máa lọ, kó máa bọ̀ lórí rẹ̀. Bí ọ̀nà bá fẹ̀ tó mítà mẹ́rin, kí àárín rẹ̀ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ga ju etí lọ.

Ẹ má dá a ṣe o. Ẹ bẹ Baálẹ̀ kó pe ìpàdé: gbogbo onílẹ̀ tó ń gba ọ̀nà náà, àwọn ọlọ́kadà, alájàpá, àti agégẹdú. Ọ̀wẹ̀ ni kí ẹ fi la gọ́tà, owó tí ẹ bá dá ni kí ẹ fi ra yangí. Kí àwọn agégẹdú fọwọ́ sí ìwé níwájú Baálẹ̀ pé ọkọ̀ wọn ò ní wọlé títí ilẹ̀ á fi gbẹ, àti pé àwọn náà máa dá owó. Ẹ má gbé igi dínà fún wọn. Ọ̀nà gbogbogbò ni, ọlọ́pàá lè ti ibẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wọlé.

Ẹ̀tọ́ yín wà lọ́dọ̀ ìjọba pẹ̀lú. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka ṣíṣe ọ̀nà àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Èyí kọ́ sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí agbègbè yín máa béèrè ọ̀nà. Nígbà tí Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968, tí Àkànrán wà lára ibi tó ti gbóná jù, yàtọ̀ sí owó orí, àtúnṣe ọ̀nà abúlé wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń jà fún. Tiyín ò ní la ìjà lọ. Ẹ kọ lẹ́tà sí alága káńsù ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, kí wọ́n tó ṣètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Kí Baálẹ̀ àti gbogbo onílẹ̀ fọwọ́ sí i, kí fọ́tò wà nínú rẹ̀. Ẹ má tọrọ ọ̀dà. Gírédà fún ọjọ́ mélòó kan àti páìpù díẹ̀ ni kí ẹ béèrè, torí ohun tó rọrùn láti ṣe ni wọn ò ní lè fi dá yín dúró.

Ní báyìí tí òjò ṣì ń rọ̀, ẹ wá ibi ìkẹ́rùsí kékeré kan síbi tí ọ̀dà pin sí, kí àwọn ọlọ́kadà máa kó ẹrù gbogbo yín jọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Ìyẹn á dín owó kù. Bí ọkọ̀ bá sì rì, ẹ má tẹná mọ́ ọn. Ẹ gbẹ́ iwájú táyà, ẹ ki ẹ̀ka igi tàbí pákó sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá rọra jáde.

Ẹ fún ọ̀nà náà ní òjò kan sí i lẹ́yìn tí gọ́tà bá ti wà. Bí àwọn onílẹ̀ yòókù bá kọ̀ láti dá kọ́bọ̀, tí agégẹdú ò gbà, tí káńsù ò fèsì, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ló ṣẹ. Ẹ tà á, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹ tó mú ẹni tó fẹ́ rà á lọ wò ó.