Ọlẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ló kéde pé àwọn dókítà ti ń tọ́jú gẹ̀gẹ̀ “lára ọ̀lẹ”. Ọ̀lẹ kẹ̀! Ta ní í wá oògùn fún ọ̀lẹ? Ọlẹ̀ ló fẹ́ pè. Ó gbé dò ẹ̀yìn wá síwájú, ló bá sọ ọmọ tí a kò tíì bí di alápámáṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àgbà ni ọlẹ̀, kì í sì í fẹ́ dá rìn. “Ọlẹ̀ sọ” làwọn ìyá wa ń wí, nígbà tí aboyún bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára pé ohun inú òun mira. Bíbélì tí Àjàyí Crowther ṣe aáyan rẹ̀ ló jẹ́ kó há wa lórí, níbi tí Màríà ti kí Èlísábẹ́tì. Àwọn oníwàásù ìsinsìnyí ti ń yẹra fún un. Ọmọ “fò sókè” ni wọ́n ń wí, bí ẹni ń sọ ti ọ̀pọ̀lọ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé ìgbà tí ọlẹ̀ ń sọ lára obìnrin tó kọ́kọ́ lóyún, bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, ni táírọ́ìdì ọmọ náà, ẹ̀yà ara inú ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tó bùkátà ara rẹ̀ gbọ́. Láti bí ọ̀sẹ̀ 10 sí 12 ló ti ń fa áyódíìnì mọ́ra o, àmọ́ họ́mónù ìyá ló gbára lé títí di ìdajì oyún.

Gẹ̀gẹ̀ ńkọ́? Ọrùn tó wú là ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo àìsàn táírọ́ìdì. Ọlẹ̀ lè yọ gẹ̀gẹ̀ lóòótọ́, sikáànù sì ń fi í hàn. Bí ìyá bá ní àìsàn Graves, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń da táírọ́ìdì rẹ̀ láàmú lè gba ibi ọmọ kọjá, kí tọmọ náà bẹ̀rẹ̀ àṣejù: ọkàn á máa lù ju ìgbà 160 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìyá ni yóò gbé oògùn mì, oògùn á sì kọjá sára ọmọ. Bó bá wá pọ̀ jù, táírọ́ìdì ọmọ á dẹ̀ pátápátá, gẹ̀gẹ̀ á tún yọ! (Níbí yìí, ará rédíò fẹ́ẹ̀ jàre: ọlẹ̀ ti ya ọ̀lẹ.) Wọ́n á dín oògùn ìyá kù, nígbà mìíràn wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fún họ́mónù sínú omi tó yí ọmọ ká, kí ó máa gbé e mì.

“Ọmọ inú oyún” làwọn oníròyìn yòókù ń pè é. Ó máa ń bí mi nínú tẹ́lẹ̀: oyún ha ní inú bí? Ilé ọmọ ló ní inú. Ṣùgbọ́n ó ti borí, mo gbà. Nọ́ọ̀sì wo ló ń sọ pé, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká wo ọlẹ̀ yín”? Ẹni tó bá dé ọsibítù tó ń bèèrè ọlẹ̀ lónìí, wọ́n á júwe ìyá olọ́lẹ̀lẹ̀ fún un.