Ẹ̀kọ́ Keje: Bí Rírì Ṣe Di Lílọ

Bí ará Románíà bá ń lọ sọ́jà, "merg la piață" ni yóò sọ. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó lò níbẹ̀ ni "a merge". Bí a bá fi ohùn tiwa kọ ọ́, "mérje" ni.

Ní ọdún 106, Olú-ọba Trajan ti Róòmù ṣẹ́gun Dacia, ilẹ̀ kan ní àríwá odò Danube. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà ló wà ní Románíà òde òní. Àwọn ọmọ ogun àti àwọn tó wá tẹ̀dó mú èdè Látìnì wá sí agbègbè Danube, Látìnì yìí ló sì bí èdè Románíà.

Ṣùgbọ́n ní Látìnì, "mergere", tí "a merge" ti wá, kì í ṣe lílọ rárá. Kí a ri nǹkan bọ omi ni. Àwọn Potogí ò tíì jìnnà síyẹn: "mergulhar" tiwọn ni kéèyàn bẹ́ sómi kó sì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Báwo wá ni omi ṣe gbẹ kúrò lára ọ̀rọ̀ yìí ní Románíà? Àlàyé àwọn onímọ̀ èdè ni pé díẹ̀díẹ̀ ni. Ohun tó bá rì, ojú kò rí i mọ́. Ohun tí ojú kò rí mọ́ ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ti kúrò, ó ti lọ nìyẹn. Mo fẹ́ràn àlàyé yìí gan-an, nítorí pé kò sí ibi tó ti fo ìṣísẹ̀ kankan.

Lónìí, iṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n rìn, "merge". Aago tó bá ń ṣiṣẹ́, "merge". Ọkọ̀ tó bá dẹnu kọlẹ̀, "nu merge". Ẹni tó fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ fún yín yóò béèrè pé, "Cum merge?"

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà, "mă duc", tí wọ́n máa ń lò bí wọ́n bá fẹ́ dìde lọ síbì kan. Inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí kéèyàn ṣíwájú ẹlòmíràn ló ti wá, bí ẹni pé olúwarẹ̀ ń fa ara rẹ̀ lọ́wọ́ lọ.

Gbólóhùn kan ṣì kù tí kò ṣeé fò: "merge și așa". Bí bíríkìlà bá mọ ògiri tó wọ́, tó ní "merge și așa", ohun tó ń sọ ni pé bó ṣe rí yẹn náà, ó tó. Inú ará Románíà tó mọyì iṣẹ́ gidi kì í dùn sí i. Gbólóhùn yìí gan-an ni wọ́n fi ń bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ jákujàku, ì báà jẹ́ ti bíríkìlà, ì báà jẹ́ ti ìjọba.