Nígbà Tí Omi Bá Bò Wá Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Kí ni ó yẹ kí ènìyàn ṣe nígbà tí omi bá bò ó mọ́lẹ̀, tí kò sì jẹ́ kí ó dìde lójú ẹsẹ̀? Púpọ̀ nínú àwa tí ń gbé D-Line ni a bí sí ilẹ̀ òkè, níbi tí omi tí ó tóbi jù lọ tí a mọ̀ nígbà èwe wa jẹ́ odò tí a ń pọn. Iṣẹ́ ìjọba àti òwò ni ó gbé wa dé Port Harcourt, ìlú tí omi yí ká. Àwọn ìyá wa tí ń ná ọjà Bonny a máa sọ̀kalẹ̀ lọ sí etídò ní Creek Road, wọn a jókòó sínú ọkọ̀ oní-ẹ́ńjìnnì láàárín ẹrù àti ènìyàn, wọn a sì dé Bonny láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá mọ odò wẹ̀. Àwọn akọ̀wé ìjọba tí a gbé lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa kò mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí ń ṣeré ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Ní Tarkwa Bay, ní ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó, àwọn ọ̀dọ́ wà tí ń fi pátákó gun ìgbì òkun. Wọn a dùbúlẹ̀ lórí pátákó, wọn a fi ọwọ́ wa ara wọn lọ sí ibi tí ìgbì ti ń dìde; bí ìgbì bá sì ti gbé wọn, wọn a dìde dúró lórí pátákó, ìgbì a máa gbé wọn bọ̀ wá sí etí iyanrìn. Kì í ṣe àṣà àjèjì gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti rò. Ní nǹkan bí ọdún 1834 ni James Alexander, ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí àwọn ọmọdékùnrin ní Accra tí ń fi pátákó ṣe irú eré yìí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó ṣe fíìmù The Endless Summer, èyí tí ó jáde ní ọdún 1966, ń gbé pátákó tiwọn kiri ayé, wọ́n dé Ghana, wọ́n sì dé Nàìjíríà pẹ̀lú.

Kò sí ẹni tí ń gun ìgbì tí kì í ṣubú. Bí ó bá ti ṣubú, ìgbì náà a wó lé e lórí, a gbé e lọ sí ìsàlẹ̀, a sì máa yí i bí ìgbà tí alágbàfọ̀ ń yí aṣọ nínú ọpọ́n. Kò ní mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ mọ́. Etí rẹ̀ a kún fún ariwo, ojú rẹ̀ kò sì ní rí nǹkan kan bí kò ṣe ìfófòó funfun. Ohun tí ara gbogbo ènìyàn ń sọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni pé kí a jà, kí a ta ọwọ́ ta ẹsẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni àwọn tí ó ti pẹ́ nínú eré náà fi ń kọ́ àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní kí ọmọ náà fi apá méjèèjì bo orí, kí ó ká ara rẹ̀ jọ, kí ó dẹ ara, kí ó sì máa kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Kí ó jẹ́ kí ìgbì ṣe tirẹ̀ tán.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Omi tí ó ń hó, tí ó kún fún ìfófòó, jẹ́ omi tí afẹ́fẹ́ ti dà pọ̀ mọ́. Kò lágbára láti gbé ènìyàn léfòó, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ kò rí ohun gidi kan tì nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wẹ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tí ń gun òkè iyanrìn: gbogbo agbára rẹ̀ ni ó ń ná, ibi kan náà ni ó sì wà. Ṣùgbọ́n ìgbì kì í dúró. Ìgbì kan kì í sábà di ènìyàn mú ju ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10 lọ. Èyí tí ó bá tóbi gidigidi ni ó lè tó 20 tàbí 30. (Ìṣẹ́jú àáyá 60 ni ó wà nínú ìṣẹ́jú kan, bí ẹ bá wo ọ̀pá tín-ín-rín tí ń sáré lójú aago.) Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, tí ó jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga, lè dá èémí rẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láìkọ́ ọ, àwọn mìíràn a sì tó 60. Ẹ wò ó dáadáa: èémí tí a ní ju àkókò tí ìgbì fi ń di ènìyàn mú lọ. Kí ni ó wá ń pa ènìyàn nígbà náà?

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Nígbà tí a bá dá èémí dúró, láìpẹ́ àyà wa a bẹ̀rẹ̀ sí fún wa, ọ̀fun a máa mì, gbogbo ara a máa kígbe pé kí a mí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé igbe náà túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ti tán nínú ara. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àmísóde, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tán tí ó sì yẹ kí a mí síta, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní carbon dioxide, ni ó ń kó jọ nínú ẹ̀jẹ̀, òun ni ó sì ń lu agogo. Agogo náà a máa dún nígbà tí afẹ́fẹ́ rere ṣì kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí yóò gbọ́ agogo náà, yóò rò pé ikú ti dé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí jà. Ìjà yìí ni ó burú. Ọkàn a máa sáré, iṣan ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ a máa jẹ afẹ́fẹ́ tí ó kù bí iná ti ń jẹ koríko gbígbẹ, títí ẹnu yóò fi là nínú omi. Bẹ́ẹ̀ ni ara fúnra rẹ̀ ní ọgbọ́n kan fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: bí omi bá ti bo ojú tí a sì dá èémí dúró, ọkàn a máa dín ìlù rẹ̀ kù kí afẹ́fẹ́ lè pẹ́. Ìbẹ̀rù ni ó ń ba ọgbọ́n náà jẹ́.

Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì máa ń lò ó nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú nílé tàbí ní ọ́fíìsì. Àwa kò mọ̀ bí ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á jẹ́ atukọ̀, ṣùgbọ́n ó jọ bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó ga jù lọ tí a mọ̀ kò jìnnà sí wa. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Jascon-4, ọkọ̀ kan nínú àwọn tí ń fa ọkọ̀ epo, dojú dé lójú òkun, ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí etíkun Escravos ní ìpínlẹ̀ Delta. Ènìyàn 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, tí í ṣe kúkù ọkọ̀ náà, wà ní ilé ìyàgbẹ́ nígbà tí ọkọ̀ yí padà. Omi ya wọlé, ó gbá a kiri nínú òkùnkùn biribiri, ọkọ̀ náà sì rì pẹ̀lú ojú dídé lọ sí ilẹ̀ òkun, ní nǹkan bí 30 mítà sí ìsàlẹ̀. Okene táràrà títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú yàrá kékeré kan tí afẹ́fẹ́ há sí. Láti ojú omi dé òkè kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ. Ṣòkòtò pénpé nìkan ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Ìgò Coca-Cola kan ni ó rí mu.

Ẹ̀rù bà á, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé ẹ̀rù kò bà á. Òun náà sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé òun ń gbọ́ ìró àwọn ẹja tí ń jẹun nínú òkùnkùn, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n ó wá iṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀. Ó fi fóòmù ibùsùn àti àwọn nǹkan mìíràn tí ó rí ṣe àtẹ́, ó gùn ún, kí omi tútù má bàa gba gbogbo ara rẹ̀. Ó ń ka sáàmù tí aya rẹ̀ ti fi ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí ó gbọ́ ìró ènìyàn lára ọkọ̀, ó lu irin. Wákàtí 60 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó lò níbẹ̀.

Báwo ni afẹ́fẹ́ ìwọ̀nba yẹn ṣe tó o? Ní 30 mítà sí ìsàlẹ̀, omi ti fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó ìlọ́po 4, nítorí náà èyí tí ó wà nínú yàrá náà pọ̀ ju bí ojú ti rí i lọ. Omi pẹ̀lú sì ń fa díẹ̀ nínú àmísóde rẹ̀ mu. Síbẹ̀, ẹni tí ń jà tí ó sì ń ké a máa mí ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ lọ. Ká ní ó ń jà láti ọjọ́ kìíní ni, ìṣirò náà ìbá má bá a mu.

Ní ọjọ́ 28, àwọn òmùwẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá láti kó òkú. Ọ̀kan nínú wọn rí ọwọ́ kan nínú omi, ó rò pé ti òkú ni, ọwọ́ náà sì dì í mú. Wọn kò fà á jáde lójijì. Wọ́n fi omi gbígbóná mú ara rẹ̀ móoru, wọ́n fi ohun èlò ìmí tiwọn sí i lójú àti lórí, wọ́n rí i pé ó ń mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí wọ́n tó mú un jáde. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún fi í sínú yàrá irin fún nǹkan bí ọjọ́ méjì àti ààbọ̀, tí wọ́n ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ fi padà bọ̀ sípò. Ní ọdún 2015 ó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ òmùwẹ̀.

Àwọn 11 tí ó kù ṣègbé. A kò sọ ìtàn yìí kí ẹnikẹ́ni lè rò pé àwọn ni kò fara balẹ̀. Okene sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ a máa ti ilẹ̀kùn yàrá wọn mọ́rí ní alẹ́ nítorí àwọn ọlọ́ṣà orí omi; ẹni tí omi bá ká mọ́ irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní ojú oorun, kí ni yóò ṣe? Ìfọ̀kànbalẹ̀ kì í dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀ níbi tí kò bá sí. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí a fi èyí tí ó wà ṣòfò.

Ẹ lè kọ́ ara yín mọ igbe àyà yẹn nílé. Ẹ jókòó lórí àga, ẹ mí bí ẹ ti ń mí tẹ́lẹ̀, ẹ dá èémí dúró, kí ẹ sì máa kà. Nígbà tí àyà bá bẹ̀rẹ̀ sí fún yín, ẹ má ṣe mí síbẹ̀. Ẹ dẹ èjìká, ẹ dẹ ẹnu, ẹ ka márùn-ún sí i, kí ẹ wá mí. Ẹ ó rí i pé igbe náà dé, ẹ kò sì kú. Èyí nìkan tó. Ṣùgbọ́n a kìlọ̀ gidigidi: orí àga nìkan ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe nínú omi rárá, ì báà jẹ́ inú ọpọ́n ìwẹ̀. Ẹ má sì ṣe mí hẹlẹhẹlẹ lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹ tó dá èémí dúró bí àwọn ọmọdé ti máa ń ṣe, nítorí èyí a máa lé àmísóde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, agogo kò sì ní dún mọ́. Ènìyàn a dákú láìsí ìkìlọ̀. Aboyún, àti ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn ọkàn, kí ó má ṣe dán an wò.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú ọkọ̀ Bonny. Bí ọkọ̀ bá ń dojú dé, àkókò díẹ̀ wà kí omi tó bò yín, ẹ lò ó láti mí sínú kí ẹ sì pa ẹnu dé. Igbe tí a ké nínú omi kò dé etí ẹnikẹ́ni. Ẹ di etí ìjókòó mú ṣinṣin títí omi yóò fi dẹ́kun yíyí, nítorí ọwọ́ tí ó di nǹkan mú ni yóò sọ fún yín ibi tí ẹ wà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ alẹ́, ẹ tu èémí díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu, ẹ ó mọ̀ ọ́n lójú bí ó ti ń lọ. Ibi tí ó gbà ni òkè. Ẹ na ọwọ́ kan sókè ṣáájú orí bí ẹ ti ń gòkè, kí orí má bàa kọlu ọkọ̀. Bí ẹ bá jáde sí abẹ́ ọkọ̀ tí ó dojú dé, afẹ́fẹ́ lè wà níbẹ̀: ẹ mí, ẹ jẹ́ kí ọkàn balẹ̀, kí ẹ sì gba abẹ́ etí ọkọ̀ jáde, kí ẹ wá di ọkọ̀ náà mú láti òde. Ọkọ̀ tí ó dojú dé tí kò rì sàn ju etídò tí ó jìnnà lọ. Ẹ̀yin ìyá, ìró tí ó bá dì mọ́ itan, ẹ tú u sílẹ̀ kí ó lọ. Àpò owó tí a so mọ́ ìdí pẹ̀lú. A mọ̀ pé èyí yóò dun ẹlòmíràn ju omi mímu lọ.

Gbogbo èyí yóò rọrùn ní ìlọ́po fún ẹni tí ó wọ life jacket. Àwọn kan ní ó ń rùn, àwọn kan ní yóò ba aṣọ àwọn jẹ́, wọn a sì gbé e lé itan títí wọn yóò fi dé Bonny, bí ẹni pé ẹrù tí wọ́n fẹ́ lọ tà ni. Lórí itan kò wúlò. Okùn rẹ̀ ni kí a so kí ọkọ̀ tó ṣí. Kí ẹni tí ó bá gbé ọmọ kékeré lọ́wọ́ béèrè èyí tí ó mọ níwọ̀n ọmọ náà, kí ó sì rí i pé okùn tí ń gba abẹ́ itan wà níbẹ̀, nítorí láìsí i ẹ̀wù náà a máa bọ́ gba orí ọmọ jáde nínú omi.