ÌJỌRA KÌ Í ṢE ÌBÁTAN: LÍLO DNA LÁTI MỌ ÌRAN ÀWỌN ARÀN Ọ̀GBÌN

1. Ìfáárà

Ẹni tí ó bá ń bó èèpo iṣu ní ilé rẹ̀ ní Òkè Bọ́lá, ní Ìbàdàn, lè rí i pé abẹ́ èèpo náà ti pọ́n, tí ibòmíràn sì ti dúdú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a gé ibẹ̀ sọnù, wọn a sì se ìyókù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀dá alààyè kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ba iṣu náà jẹ́. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Scutellonema bradys. Steiner àti LeHew ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1933. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti ṣàlàyé bí a ṣe ń fi DNA wádìí ìbátan irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, kí a sì dábàá àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àti ògbufọ̀ lè lò.

2. Orúkọ ẹ̀dá náà

Èrò wa ni pé aràn ni ó yẹ kí a máa pè é, kì í ṣe ekòló. Aràn inú tí ń yọ ọmọdé lẹ́nu, sòbìyà, àti ẹ̀dá inú iṣu yìí jẹ́ ará agbo kan náà. Ekòló kò sí lára wọn. Èyí tí ń jẹ lára ohun ọ̀gbìn ni a ó pè ní aràn ọ̀gbìn. Ìṣe àfòmọ́ ni ìṣe rẹ̀: bí àfòmọ́ orí igi ṣe ń fa oúnjẹ lára igi tí ó gbà á, bẹ́ẹ̀ ni aràn yìí ń fi ohun bí abẹ́rẹ́ tí ó wà ní ẹnu rẹ̀ fa oje ọ̀gbìn.

3. Ilà kì í ṣe ẹ̀rí ìran

Ní àtijọ́, ìrísí ni a fi ń dá aràn mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Meloidogyne, aràn kókó-gbòǹgbò, tí ń mú kí gbòǹgbò tòmátì àti ti ilá yọ kókó. Abo rẹ̀ ní àwọn ilà wínníwínní ní ìdí, a sì ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n. Ní 1976, àwọn onímọ̀ péjọ ní IITA, ní Ìbàdàn, láti jíròrò lórí aràn yìí. Ilà wọ̀nyí sì wà lára ohun pàtàkì tí a fi ń dá a mọ̀ nígbà náà.

Ilà a máa tọ́ka sí ìran, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni méjì lè kọ àbàjà, kí wọ́n má sì bá ara wọn tan. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ya ìjọra sọ́tọ̀ kúrò lára ìbátan.

4. Ìtòtẹ̀léra ẹyọ

DNA dà bí okùn gígùn tí a sín ìlẹ̀kẹ̀ oríṣi mẹ́rin sí: A, T, G àti C. Bí àwọn ẹyọ wọ̀nyí ṣe tẹ̀ lé ara wọn ni a pè ní ìtòtẹ̀léra ẹyọ. Bí a bá ka apá kan náà lára aràn méjì, tí a sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Ní gbogbogbòò, bí ìyàtọ̀ náà bá ṣe pọ̀ tó ni ó ti pẹ́ tó tí ìran wọn ti pínyà. Àwòrán tí a fi ń ṣàfihàn ìpínyà yìí ni a dábàá pé kí a pè ní igi ìran.

Ní 1998, Mark Blaxter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìtòtẹ̀léra ẹyọ ẹ̀yà aràn 53 ya irú igi bẹ́ẹ̀. Ó hàn níbẹ̀ pé, ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni aràn ti di àfòmọ́ ọ̀gbìn. Nítorí náà, orúkọ iṣẹ́ ni ‘aràn ọ̀gbìn’, gẹ́gẹ́ bí ‘alágbẹ̀dẹ’ ti jẹ́. Kì í ṣe orúkọ ìdílé.

5. Ọmọ ìyá àti ọbàkan

Apá DNA kan wà nínú mitokọ́ńdríà, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni a sì sábà ń ti jogún rẹ̀. Èdè wa ti mọ irú ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé ọmọ ìyá yàtọ̀ sí ọbàkan. A dábàá DNA ìyá fún un. Igi ìran tí a bá fi DNA ìyá nìkan yà, ìtàn ìyá ni yóò sọ fún wa. Kí olùwádìí má gbàgbé èyí, nítorí pé àdàlù ìran wà nínú ìtàn àwọn aràn kókó-gbòǹgbò kan.

6. Ohun tí ó kan àgbẹ̀

Ní 1983, a ṣe àpèjúwe Meloidogyne enterolobii láti ilẹ̀ Ṣáínà. Ní 1988, a ṣe ti Meloidogyne mayaguensis láti Puerto Rico. DNA ìyá wọn ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn náà láti mọ̀ pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni a fún ní orúkọ méjì. Ilà rẹ̀ jọ ti Meloidogyne incognita tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń ṣì wọ́n mú. Ṣùgbọ́n irúgbìn tòmátì tí ó lè dojú kọ incognita kò lè dojú kọ enterolobii. Ní 2016, Y. A. Kolombia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé a ti rí aràn yìí nínú iṣu ní Nàìjíríà. Bí a bá fi ìjọra pe orúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ yóò náwó sórí irúgbìn tí kò ní gbà á.

7. Ìkádìí

A kò sọ pé kí a pa wíwo ìrísí tì. Ojú ni ó ń kọ́kọ́ rí aràn kí a tó ka DNA rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kí olùkọ́ má ṣe lo ‘jọ’ níbi tí ó yẹ kí ó ti lo ‘bá tan’. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí tí a dábàá lọ, kí ó mú un wá.