Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ẹ̀rọ Ìhunṣọ àti Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ̀rọ ṣe yí iṣẹ́ aṣọ padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Tẹ́lẹ̀ rí, inú ilé ni wọ́n ti ń ranwú, tí wọ́n sì ń hunṣọ. Ní nǹkan bí ọdún 1764, James Hargreaves ṣe ẹ̀rọ tí ẹnì kan fi lè ran okùn òwú mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1771, Richard Arkwright dá ilé iṣẹ́ òwú sílẹ̀ ní Cromford, omi odò ló ń yí ẹ̀rọ rẹ̀. Ní 1785, Edmund Cartwright gbé òfì tí kì í ṣe ọwọ́ ló ń wà á jáde.

Aṣọ wá pọ̀, ó sì dínwó. Ṣùgbọ́n owó àwọn tó ń fọwọ́ hunṣọ já wálẹ̀ gan-an. Tọmọdé tàgbà ló di alágbàṣe lọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù mìíràn sì tún ń po ìdọ̀tí mọ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n ń tà fún wọn.

Àwọn ahunṣọ àti oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Rochdale kò káwọ́ lẹ́rán. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dáwó títí ó fi pé pọ́ùn 28. Ní ọjọ́ 21 oṣù Dìsẹ́ńbà 1844, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà wà níbẹ̀, kò sí àbùlà, òṣùwọ̀n sì pé. Bí oníkálukú bá ṣe rajà tó ni wọ́n ń pín èrè fún un.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé a ò lè ní kí ẹ̀rọ má dé, ṣùgbọ́n a lè jọ ra tiwa. Ẹ má jẹ́ kí owó oṣù yìí pẹ́ lọ́wọ́ yín. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Ẹ̀rọ wo ló yẹ kí ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ rà?