Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ YÍYAN ÀTI PÍPÈSÈ ỌKÀ FÚN IRÚGBÌN OLÚ

Sí ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó,

Ẹ̀yin tìkára yín mọ̀ pé láàárín ìkórè kòkó kan àti èkejì, owó a máa ṣọ̀wọ́n nínú ilé, ẹran ọbẹ̀ a sì máa wọ́n. Ní àkókò kan náà ni òkìtì èèpo kòkó ń jẹrà lẹ́bàá ibi tí a gbé ń fọ́ kòkó, tí kò sí ẹni tí ń bojú wò ó. Èèpo yìí, bí a bá gé e wẹ́wẹ́ tí a sì fi ooru omi sè é, lè di ibùsùn fún olú jíjẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí pẹ̀lú irúgbìn tí kò dára yóò pàdánù èèpo, igi ìdáná, àti owó rẹ̀ pọ̀. Ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. Nítorí náà, irúgbìn ni a ó kọ́kọ́ kọ́ nípa rẹ̀.

1. Ohun tí irúgbìn olú jẹ́

Olú kò ní kóró bí àgbàdo tàbí kòkó. Lúúlúú tí ń bọ́ láti abẹ́ ìbòrí rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Fọ́nrán funfun tí ń rìn nínú igi tí ó kú ni ara olú gan-an. Èyí tí a ń ká jẹ èso rẹ̀ ni. Bí a bá mú kí fọ́nrán yìí wọ inú ọkà sísè, ẹyọ ọkà kọ̀ọ̀kan yóò di irúgbìn. Ní ọdún 1932 ni James Sinden, onímọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọgbọ́n yìí. Ṣáájú ìgbà náà, ìgbẹ́ ẹṣin ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbin olú fi ń ṣe irúgbìn.

Irú olú tí ẹ̀kọ́ yìí wà fún ni èyí tí ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí ó ti kú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pleurotus. Olú tí ń hù lórí ọ̀gàn kò ṣeé gbìn ní ọ̀nà yìí, nítorí pé àwọn ikán ni ń tọ́jú rẹ̀ nínú ilé wọn.

2. Irú ọkà tí ó yẹ

Àgbàdo, ọkà bàbà àti jéró ni ó wà ní àrọ́wọ́tó wa. Jéró náà ni ó pọ̀ jù nínú ọkà tí a ń tà fún oúnjẹ ẹyẹ inú àgò. Mélòó ni ẹyọ tí ó wà nínú kílò kan? Ti àgbàdo jẹ́ nǹkan bí 3,000 sí 4,000. Ti ọkà bàbà tó nǹkan bí 30,000. Ti jéró sì pọ̀ ju èyí lọ. Bí ẹyọ bá ti pọ̀ tó ni ibi tí fọ́nrán yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí rìn nínú ibùsùn yóò pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n jéró a máa tètè rọ̀ di ẹ̀kọ lórí iná, àgbàdo náà a sì máa pẹ́ kí inú rẹ̀ tó jinná. Nítorí náà ọkà bàbà ni ó dára jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí oúnjẹ ẹyẹ bá sì wà ní ọ̀pọ̀ lọ́jà, a lè lò ó, bí ó bá yege nínú ìdánwò wọ̀nyí:

(a) Kí ó jẹ́ ọkà kan ṣoṣo. Bí a bá da oríṣiríṣi pọ̀, èyí tí ó kéré yóò fọ́ kí èyí tí ó tóbi tó jinná.

(b) Kí ó má ṣe ní èso òdòdó oòrùn tàbí èso mìíràn tí epo wà nínú rẹ̀, tàbí àwọn kóró aláwọ̀ mèremère tí a fi oògùn afúnnilágbára ṣe.

(d) Kí ó jẹ́ odindi, kí ó gbẹ, kí ó sì dún nígbà tí a bá fi eyín fọ́ ọ. Ibi tí kòkòrò bá ti jẹ ihò ni sítáàṣì yóò ti máa jáde, tí ọkà yóò sì lẹ̀ mọ́ra.

(e) Kí ó má rùn bí ohun tí ó ti bu.

(ẹ) Kí ó má ṣe jẹ́ ọkà ìgbìn tí a fi aró pupa tàbí ti àwọ̀ mìíràn kùn. Àmì oògùn ni aró náà. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń fọ́n oògùn sí kòkó kí èso má bàa di dúdú, bẹ́ẹ̀ ni a fi oògùn sí ọkà yẹn kí ohunkóhun má bàa hù lára rẹ̀. Yóò sì pa fọ́nrán olú pẹ̀lú. Májèlé ni fún ènìyàn àti ẹyẹ.

3. Bí a ti ń pèsè rẹ̀

Ẹ fọ ọkà náà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ da gbogbo èyí tí ó bá léfòó nù. Lẹ́yìn èyí, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún wákàtí 12 sí 24. Ìdí méjì ni a fi ń ṣe èyí. Èkíní, kí omi lè wọ inú rẹ̀ dé àárín. Èkejì, àwọn kòkòrò àìrí kan wà tí ń sùn lára ọkà nínú èèpo líle. Omi yóò jí wọn, nígbà tí wọ́n bá sì ti jí, iná lè pa wọ́n. Kí a má ṣe jẹ́ kí ọkà náà pẹ́ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí hù.

Ẹ tún fọ̀ ọ́, kí ẹ sì bọ̀ ọ́ lórí iná díẹ̀díẹ̀: jéró nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ọkà bàbà 15 sí 20, àgbàdo 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni kí ẹ fi ṣe adájọ́, kì í ṣe aago nìkan. Bí a bá fi ìka méjì tẹ ẹyọ kan, kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí funfun líle má sì kù láàárín rẹ̀. Bí púpọ̀ bá ti là, ó ti jinná jù.

Ẹ sẹ́ omi rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sórí aṣọ mímọ́ nígbà tí ó ṣì gbóná, kí ooru lè gbé omi ara rẹ̀ lọ. Ẹ gbé ìwọ̀n díẹ̀ lé orí bébà: bí bébà bá tutù, ẹ dúró sí i. Inú rírọ̀, ara gbígbẹ: èyí ni gbogbo ọgbọ́n náà. Omi tí ó bá kù lára ọkà ni kòkòrò àìrí yóò fi ṣe ilé. Bí ẹ bá rí gypsum, ẹ po ṣíbí ìmùkọ kan mọ́ ọkà tí ó jẹ́ kílò kan kí ó tó rin. Kò ní jẹ́ kí ọkà lẹ̀ mọ́ra.

4. Bí a ti ń fi ooru pa ohun búburú inú rẹ̀

Ẹ rọ ọkà sínú ìgò títí dé ìlàta méjì nínú mẹ́ta, kí àyè lè wà láti gbọ̀n ọ́n. Ẹ fi òwú dí ẹnu ìgò, kí ẹ sì fi bébà líle bò ó. Omi híhó lásán kò tó láti pa gbogbo ohun tí ń sùn nínú ọkà. Ìkòkò tí ìdérí rẹ̀ dì pinpin, tí a ń pè ní pressure pot, ni a ní láti lò, ní ìwọ̀n pọ́n-ùn 15, níbi tí ooru ti ń dé 121 ní ìwọ̀n Celsius. Fún ìgò tí kò ju lítà kan lọ, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 90, láti ìgbà tí agbára rẹ̀ bá ti pé. Ẹ rí i pé omi inú ìkòkò pọ̀ tó kí ó má bàa gbẹ. Ẹ má ṣe ṣí i títí agbára ooru yóò fi wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá kánjú ṣí i lè jóná gidigidi.

Nígbà tí ìgò bá tutù pátápátá, ẹ wọ yàrá tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ẹ fi ọṣẹ àti sípíríìtì nu ọwọ́ yín, kí sípíríìtì gbẹ kí ẹ tó sún mọ́ iná, kí ẹ sì yára fi irúgbìn dáradára díẹ̀ tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí sínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ tọ́jú wọn sí ibi tí ó ṣókùnkùn tí kò sì gbóná jù. Nígbà tí ìdá kan nínú mẹ́ta bá ti funfun, ẹ gbọn ìgò náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ yóò funfun bí òwú.

5. Àmì rere àti àmì búburú

Funfun mímọ́ àti òórùn olú tútù ni àmì rere. Àwọ̀ ewé, dúdú, tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú bí èyí tí ń hù lára ṣúkù àgbàdo sísè, àmì búburú ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni òórùn kíkan àti ohun tí ń yọ̀ lára ìgò. Ẹ má ṣe ṣí irú ìgò bẹ́ẹ̀ nítòsí àwọn tí ó dára. Ẹ tún un sè, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí ilé. Ẹ má ṣe dà á fún adìyẹ, nítorí pé ọkà tí ó ti bu lè ní májèlé tí ó lè pa wọ́n, tí ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn jẹ́.

Kílò kan irúgbìn rere tó fún nǹkan bí kílò 20 ibùsùn tútù. Olú tí ó bá hù níbẹ̀ tí kò jọ èyí tí ẹ gbìn, ẹ má ṣe jẹ ẹ́.

Ìbéèrè

1. Èéṣe tí a fi ń sá fún ọkà tí a fi aró kùn?
2. Kí ni ìdí méjì tí a fi ń rẹ ọkà sínú omi?
3. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé ara ọkà ti gbẹ tó?
4. Èéṣe tí omi híhó lásán kò fi tó?
5. Kí ni ó yẹ kí a ṣe sí ìgò tí ó ti bàjẹ́?

Ẹni tí ó bá lè dáhùn márààrún, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgò mẹ́rin péré. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá funfun, nígbà náà ni kí ó gé èèpo kòkó rẹ̀.